Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran: Owó Tó Tọ́ Sí Ọmọ Tí Wọ́n Pa Òbí Rẹ̀

Ẹ bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni ìjọba Ìlú Ọba máa ń sanwó fún ọmọ tí wọ́n bá pa bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ẹ tún bi mí pé èló ni, àpò ta ni owó náà ti ń jáde, ṣé ó kan àwọn ọmọ tiwa, àti pé ṣé kì í ṣe owó ẹ̀jẹ̀ ni ẹni tó bá gbà á ń jẹ. Ìbéèrè mẹ́rin yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dáhùn lórí ìdúró. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ tú u wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ṣe ń rò lọ. Àwọn ọmọ Yorùbá ti tẹ̀dó sí Peckham, Woolwich, Thamesmead àti ọ̀pọ̀ àdúgbò míì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibi tí èèyàn bá sì ti ń gbé, àjálù mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bí wọ́n bá pa olórí ilé kan, ohun tí ẹbí máa ń kọ́kọ́ dáwọ́ lé ni bí òkú yóò ṣe wọlẹ̀: ta ni yóò sọ fún ìyá àgbà nílé, ṣé Ìjẹ̀bú la ó gbé e lọ ni àbí a ó sin ín síbí, pásítọ̀ tàbí ààfáà wo ló máa ṣètò àdúrà. Ọmọ tó jókòó sí igun pálọ̀, tí kò tíì yé e pé bàbá òun ò ní padà wálé mọ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ a máa kẹ́yìn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ohun tó yẹ kí ojú wa rí nínú irú ẹkún bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Àpò ta ni owó náà ti ń jáde?

Àjọ kan wà tó ń jẹ́ Criminal Injuries Compensation Authority, CICA ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ìlú Glasgow ni ọ́fíìsì wọn wà. Àwọn ló ń san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí oníwà ipá bá ṣe léṣe, àti fún ẹbí ẹni tí wọ́n bá pa, ní England, Wales àti Scotland. Northern Ireland ní ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Owó ìlú ni wọ́n ń san, kì í ṣe owó apànìyàn.

Ẹ di ibẹ̀ yẹn mú dáadáa, nítorí òun gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Ká ní ọwọ́ apànìyàn ni owó yóò ti wá ni, ọmọ á kọ́kọ́ dúró kí ọlọ́pàá mú un, á dúró kí kóòtù dá a lẹ́bi, á tún wá máa gbàdúrà kí nǹkan wà lápò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní kọ́bọ̀. Òmíràn á sá lọ, òmíràn á pa ara rẹ̀. Lọ́dọ̀ CICA, kò pọn dandan kí wọ́n mọ ẹni tó ṣe é, kò sì pọn dandan kí kóòtù ti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé, bí a bá kó gbogbo ẹ̀rí jọ, ṣé ó ṣeé gbà gbọ́ ju kó má ṣeé gbà gbọ́ lọ pé ìwà ipá tó lòdì sófin ló pa ẹni náà. Ẹ̀rí tí kóòtù ọ̀daràn ń béèrè le ju ìyẹn lọ púpọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè dá afurasí sílẹ̀ ní kóòtù, kí ọmọ olóògbé sì ṣì rí owó rẹ̀ gbà.

Báwo ni ìjọba ṣe wá gba ẹrù yìí rù? Obìnrin kan tó ń jẹ́ Margery Fry wà lára àwọn tó kígbe rẹ̀ jù. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún àtúnṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n kó tó kọjú sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ọ̀daràn ṣe ní jàǹbá. Lọ́dún 1957 ó kọ̀wé lórí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Observer. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú, kò fojú rí èso rẹ̀. New Zealand ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin lọ́dún 1963, Ìlú Ọba sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 1964. Àlàyé àwọn tó gbè é lẹ́yìn ṣe kedere: ìjọba ló ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀san, òun ló ń gba owó orí pé òun ń ṣọ́ ìlú, òun náà ló ń ti ọ̀daràn mọ́lé tí kò fi lè ṣiṣẹ́ san ohun tó bà jẹ́. Ẹni tó gba gbogbo èyí ṣe, kò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára àwọn tí ọ̀daràn sọ di aláìní. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àánú lásán ni wọ́n kà á sí. Ọdún 1995 ni ilé aṣòfin ṣe òfin tó fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, èyí tí wọ́n sì ń lò báyìí ni ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́dún 2012.

Èló ni?

Ọ̀nà mẹ́rin ni owó náà pín sí, ọmọ kan sì lè gbà ju ẹyọ kan lọ nínú wọn.

Àkọ́kọ́ ni owó ìbánikẹ́dùn. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló tọ́ sí i, £11,000 ni. Bí wọ́n bá ju ẹnì kan lọ, £5,500 ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ orí kò sí nínú èyí: ọmọ ogójì ọdún tí wọ́n pa ìyá rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọwọ́ ṣe lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ìkejì ni ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 nìkan. Òbí kì í ṣe owó oṣù lásán. Òun ló ń mú ọmọ lọ sílé ìwé, òun ló ń jókòó tì í nígbà tó bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, òun ló ń bá a wí. Nítorí àìsí ìtọ́jú yìí, ètò náà ya £2,000 sọ́tọ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ tí òbí kú títí ọmọ yóò fi pé ọdún 18. Bí ọdún kan kò bá pé tán, wọ́n á ṣírò rẹ̀ bó ṣe tó. Wọ́n tún lè fi owó kún un nítorí ìnáwó tó bójú mu tí àìsí òbí náà fà.

Ìkẹta wà fún ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ olóògbé ló ń wò jẹun. Ẹ má retí pé owó oṣù olóògbé ni wọ́n máa fi ṣírò èyí. Owó tí òfin Ìlú Ọba là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n, ìyẹn ò sì pọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé owó ìrànwọ́ ìjọba nìkan ni olóògbé ń gbà kó tó kú, ìpín kẹta yìí ò sí.

Ìkẹrin ni owó ìsìnkú: £2,500 ni wọ́n ń san, wọ́n sì lè fi kún un títí dé £5,000 bí ìnáwó tó bójú mu bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, àsè òkú, aṣọ ẹbí àti olórin kò sí nínú ìnáwó tó bójú mu.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n gún ọkùnrin kan pa nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó fi ìyàwó tí wọ́n jọ ń gbé sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ méjì. Àgbà pé ọdún 12, àbúrò pé ọdún 7. Ẹ jẹ́ ká sọ pé kò sí ẹlòmíràn tó ń béèrè. Owó ìbánikẹ́dùn jẹ́ £5,500 fún ìyàwó, £5,500 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́fà ló kù kí àgbà pé 18, nítorí náà £12,000 ni owó ìtọ́jú tirẹ̀. Ọdún 11 ló kù fún àbúrò, ìyẹn £22,000. Àpapọ̀ owó àgbà á tó £17,500, ti àbúrò á tó £27,500. Wọ́n lè dín in kù díẹ̀ nítorí pé owó ọdún iwájú ni wọ́n ń kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tó wo owó ìkẹta, bí olóògbé bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ tó kéré jù lówó tirẹ̀ pọ̀ jù, torí òun ni ọdún tí yóò lò láìní bàbá gùn jù.

Ta ni wọ́n kà sí ọmọ?

Ibí yìí ni ó yẹ kí àwa Yorùbá tẹ́tí sí gidigidi. Ètò náà kò béèrè bóyá olóògbé gbé ìyá ọmọ náà níyàwó. Ọmọ ìyálé, ọmọ ìyàwó, ọmọ tí bàbá bí síta tí ẹbí ò mọ̀ títí wọ́n fi sin òkú, ọmọ ni gbogbo wọn níwájú CICA, bí ẹ̀rí bá ti wà pé òun ló bí i. Èyí tí wọ́n gbà tọ́ ní òfin jẹ́ ọmọ. Èyí tó bá ìyàwó wọlé, tí olóògbé sì gbà bí ọmọ tirẹ̀, wà níbẹ̀. Èyí tó ṣì wà nínú oyún lọ́jọ́ tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n àti àbúrò olóògbé kò sí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ilẹ̀ wa, ẹ̀gbọ́n bàbá náà bàbá ni. Àwọn òbí olóògbé wà lára àwọn tó lè gba owó ìbánikẹ́dùn, àmọ́ ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ náà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ kò lè torí pé òun ló ń tọ́ ọ sọ owó ọmọ di tirẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó kọ̀wé béèrè lórúkọ ọmọ, bí òfin bá ti fi í ṣe alágbàtọ́.

Bó bá jẹ́ bàbá ló pa ìyá ńkọ́? Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, inú ilé tí ilẹ̀kùn ti tì sì ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ ṣì lẹ́tọ̀ọ́. Ohun tí ètò náà kọ̀ jálẹ̀ ni kí apànìyàn rí àǹfààní kankan nínú owó náà. Òfin ogún Ìlú Ọba náà ò jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pa èèyàn jogún ẹni tó pa. Lọ́dún 2024, ilé aṣòfin tún ṣe òfin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Òfin Jade, tó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹni tó bá pa òbí kejì ọmọ rẹ̀ lo àṣẹ òbí mọ́, kó má baà máa ti inú ẹ̀wọ̀n pàṣẹ lórí ilé ìwé tí ọmọ yóò lọ tàbí oògùn tí yóò lò.

Kí ló lè dí owó náà lọ́nà?

Ohun mẹ́rin ló sábà ń dí i.

Àkókò ni àkọ́kọ́. Àgbàlagbà ní ọdún méjì láti béèrè. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ́jọ́ ìṣẹ̀lẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kó tó pé 18, ó ní àǹfààní títí di ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó pé ogún ọdún. Wọ́n lè gbójú fo ìdádúró bí ìdí pàtàkì bá wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn. Ẹ má sì sọ pé a ó dúró kí ẹjọ́ parí kí a tó kọ̀wé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Bó bá pọn dandan, CICA fúnra wọn á dúró de kóòtù.

Ìkejì ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ẹbí tó bá mọ nǹkan tó sì dákẹ́, tó kọ̀ láti jẹ́rìí, tó ní òun á fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, lè fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gba owó lẹ́nu ọmọ.

Ìkẹta ni ìwà àtẹ̀yìnwá. Ẹni tó ń béèrè tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan tí wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n, tí àkókò tí òfin fi ń pa irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ ò tíì pé, kò ní rí nǹkan gbà. Wọ́n ń wo ti olóògbé náà: bó bá jẹ́ òun ló dá ìjà náà sílẹ̀, tàbí tí ìwà ọ̀daràn kún ọwọ́ rẹ̀, wọ́n lè dín owó kù tàbí kí wọ́n má san án rárá. Èyí ni ibi tí ètò náà ti ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn jù, ó sì dun èmi náà. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò bá bàbá rẹ̀ jalè.

Ìkẹrin ni ibùgbé. Ẹni tó ń béèrè gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí Ìlú Ọba jẹ́ ibùgbé rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ ìṣẹ̀lẹ̀, tàbí kó jẹ́ ọmọ ìlú náà, tàbí ẹbí tímọ́tímọ́ ọmọ ìlú náà. Àwọn ọ̀nà míì wà, irú bíi ti ẹni tí wọ́n kó wá fi ṣẹrú. Nítorí náà, ẹ má yára sọ pé ọmọ tó wà ní Ìbàdàn kò lè gba nǹkan kan nítorí pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti pa bàbá rẹ̀. Bí bàbá bá ti di ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó yẹ kí ẹ béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: bí ọkọ̀ bá gbá èèyàn pa lójú títì, kò sí lọ́dọ̀ CICA, àfi bí awakọ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ náà ṣe ohun ìjà. Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ni èyí tó kù.

Fọ́ọ̀mù náà àti ohun tó wà nínú rẹ̀

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù náà wà, ẹni tí kò bá lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀ sì lè pe CICA lórí fóònù kí wọ́n bá a kọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á béèrè orúkọ olóògbé àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n pa á, òpópónà tó ti ṣẹlẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá tó gba ẹjọ́ náà, àti nọ́ńbà tí ọlọ́pàá fún ẹjọ́ náà. Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì, nítorí òun ni CICA yóò fi béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ìbí ọmọ, àti ìwé tó fi hàn pé ẹni tó ń kọ̀wé lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣojú ọmọ. Fún owó ìsìnkú, wọ́n á fẹ́ rí rìsíìtì. Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọsẹ̀, torí a máa ń fi owó lé ẹni tó ń ṣètò òkú lọ́wọ́ láìgba ìwé kankan.

Nínú ẹjọ́ ìpànìyàn, ọlọ́pàá máa ń yan òṣìṣẹ́ wọn kan tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ láàárín wọn àti ẹbí. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ owó yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe àìnítìjú. Ní England àti Wales, ẹgbẹ́ Victim Support ní ẹ̀ka kan tó ń ran ẹbí ẹni tí wọ́n pa lọ́wọ́, wọ́n sì lè bá yín tò ó láìgba kọ́bọ̀. Kò pọn dandan kí ẹ gba lọ́yà. Bí ẹ bá gbà á, CICA ò ní san owó iṣẹ́ rẹ̀. Lára owó ọmọ ni yóò ti gé e.

Ẹ mú sùúrù dání. Ó lè ju ọdún kan lọ kí èsì tó dé. Bí èsì náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní ọjọ́ 56 láti sọ pé kí wọ́n tún un wò. Bí wọ́n bá tún un wò tí kò tún tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní ọjọ́ 90 láti gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ tó wà lọ́tọ̀ gedegbe sí CICA. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í ṣe èyí nítorí wọ́n rò pé ìwé ìjọba kò ṣeé jà níyàn. Ó ṣeé jà níyàn.

Ọmọ ló ni owó náà

Bí wọ́n bá fọwọ́ sí owó ọmọ kékeré, CICA kì í sábà kó o lé àgbàlagbà kankan lọ́wọ́. Wọ́n á fi í sínú àkáǹtì tó ń lé èlé lórúkọ ọmọ, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí yóò fi pé ọdún 18. Ìyá tàbí alágbàtọ́ lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀, bó bá jẹ́ fún ẹ̀kọ́ ọmọ tàbí àlàáfíà rẹ̀. Á sọ ohun tó fẹ́ rà, iye rẹ̀, àti ìdí tí ọmọ fi nílò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ọmọ yóò fi ṣe iṣẹ́ ilé ìwé ṣeé béèrè. Owó ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ṣágámù kò ṣeé béèrè.

Mo mọ̀ pé èyí ń bí àwọn kan nínú. Wọ́n á ní, “Ṣé èmi tí mo ń bọ́ ọ, tí mo ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ni wọ́n fẹ́ sọ di olè?” Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Gbogbo wa la mọ ìpàdé ẹbí tó máa ń wáyé lẹ́yìn òkú, tí wọ́n ti ń pín mọ́tò àti ilẹ̀ bàbá, tí ọmọ bàbá ń gbé omi fún àwọn tó ń pín in. Àwọn tó ṣe ètò yìí mọ̀ pé inú ẹbí lè dára, ọwọ́ ẹbí sì lè ṣẹ̀.

Ṣé owó ẹ̀jẹ̀ ni?

Ọ̀pọ̀ ló ń kọ owó yìí sílẹ̀ nítorí ìbéèrè kẹrin tí ẹ bi mí. Wọ́n á ní, “Ṣé £5,500 ni iye bàbá mi?” Rárá o. Ẹ wò ó: iye kan náà ni wọ́n ń san lórí dókítà àti lórí ẹni tó ń gbálẹ̀ ọjà. Bó bá jẹ́ pé olóògbé ni wọ́n ń díye lé, iye náà ì bá yàtọ̀. Owó ẹ̀jẹ̀ ni èyí tí apànìyàn bá kó wá kí ẹbí lè dákẹ́. Owó tiwa yìí kò ti ọwọ́ apànìyàn wá, kò dín ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù ní ọjọ́ kan, kò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Kódà, ibì kan wà tí òfin Ìlú Ọba ti fi ọmọ sílẹ̀. Ní England àti Wales, ẹni tó bá pe ẹni tó fa ikú èèyàn rẹ̀ lẹ́jọ́ owó lè gba owó ìbánikẹ́dùn tó jẹ́ £15,120 láti ọdún 2020. Ṣùgbọ́n ọkọ, ìyàwó tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, àti òbí ọmọ kékeré tó kú ni òfin yẹn kà. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kú kò sí nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ CICA ni wọ́n ti ka ìbànújẹ́ ọmọ sí ìbànújẹ́.

Ohun tó yẹ ká bínú sí ni pé owó náà ti dúró sójú kan. £11,000 tí wọ́n kọ sínú ètò ọdún 2012 kò ra ohun tó rà nígbà náà mọ́.

Nílé ńkọ́?

Ní Nàìjíríà, kò sí àpò ìjọba àpapọ̀ kan tó dà bíi ti CICA. Bí wọ́n bá pa bàbá ọmọ kan ní Òṣogbo, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń pe apànìyàn lẹ́jọ́. Ẹlẹ́rìí lásán ni ẹbí olóògbé. Síbẹ̀, ọ̀nà díẹ̀ wà. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní ACJA, ti ọdún 2015, ní abala 319, fún adájọ́ lágbára láti pàṣẹ pé kí ọ̀daràn san owó gbà-má-bínú bí wọ́n bá ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní irú òfin ìgbẹ́jọ́ tuntun bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2007. Ìṣòro rẹ̀ ni èyí tí mo sọ lókè: àpò ọ̀daràn ni, ó sì di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ dá a lẹ́bi. Ẹ sọ fún agbẹjọ́rò ìjọba pé kó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ adájọ́, nítorí bí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè, ó lè kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n pa òbí sí, irú bí ọlọ́dẹ tí adigunjalè pa ní géètì ilé iṣẹ́, òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 wà. Àjọ NSITF ló ń san án fún àwọn tó fi sílẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 tún pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí kò ní dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún. Mélòó nínú àwọn opó wa ló ti lọ bi ilé iṣẹ́ ọkọ wọn nípa èyí?

Ìjọba náà ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ti oṣù October ọdún 2020, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Doris Okuwobi gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ọlọ́pàá ṣe níkà àti ẹbí àwọn tí wọ́n pa. Owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù náírà ni wọ́n ní kí wọ́n san fún 70 ẹni tó mú ẹ̀hónú wá. Ohun tí ìgbìmọ̀ kan ṣe lẹ́ẹ̀kan, òfin lè ṣe é lójoojúmọ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè míì ò tilẹ̀ dúró lórí owó ẹ̀ẹ̀kan. Lọ́dún 2018, Argentina ṣe òfin pé kí ọmọ tí òbí rẹ̀ kan pa òbí kejì máa gba owó lóṣooṣù títí yóò fi pé ọdún 21. Brazil tẹ̀ lé e lọ́dún 2023: ọmọ tí kò tíì pé 18, tí wọ́n pa ìyá rẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, tí ilé wọn sì jẹ́ tálákà, á máa gba iye tó dọ́gba pẹ̀lú owó oṣù tó kéré jù ní ìlú náà. Ohun tó yẹ kí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá àti ní àwọn ìpínlẹ̀ wa wò nìyẹn, nítorí ọmọ òrukàn kì í jẹun lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ẹ̀yin aládùúgbò mi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí irú ìpànìyàn yìí bá kan ẹbí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ní mọ́ṣáláṣí yín tàbí lẹ́gbẹ́ yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìtùnú nìkan lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹ ní kí wọ́n tọ́jú rìsíìtì, kí wọ́n wá ìwé ìbí ọmọ, kí ẹ sì bá wọn jókòó ti fọ́ọ̀mù CICA kó tó pé ọdún méjì. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni, kì í ṣe ìtọrẹ àánú, kò sì sí ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn wá fún un bí àwọn àgbà kò bá béèrè.